Títọ́ Ọmọ Kékeré Nínú Ìlú Tí Kò Dúró Sójú Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òbí àti alágbàtọ́ tí ọmọ wọn kò tíì pé ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń gbé nínú ìlú ńlá tàbí ní ẹ̀bá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́, tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, tí ilé alájà sì ń yọrí níbi tó jẹ́ pápá lásán lọ́dún tó kọjá. Ohun tó mú kí ọmọ títọ́ nírú ibẹ̀ gba àkíyèsí pàtàkì ni pé ètò ààbò tí òbí bá ṣe kì í pẹ́ di ti àná. Wọ́n á tún títì tó kún fún kòtò ṣe, ọkọ̀ tó ń fà bí ìgbín tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré àsápajúdé. Wọ́n á wó ilé kan ní òdìkejì ọ̀nà, eruku rẹ̀ á sì bà lé ibùsùn ọmọ. Ìyá àgbà tó máa ń bá yín wo ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ á kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti àwọn tó máa ń sọ pé kí òbí dáàbò bo ilé lẹ́ẹ̀kan, kó sì fọkàn balẹ̀. Àyẹ̀wò ni ó yẹ kó di àṣà, kí a sì máa tún un ṣe nígbàkigbà tí nǹkan bá yí padà láyìíká.

Ìgbésẹ̀ Kìn-ín-ní: Ẹ wo àdúgbò láti ibi tí ojú ọmọ dé

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Urban95, èyí tí Bernard van Leer Foundation dá sílẹ̀ láti máa rán àwọn alákòóso ìlú létí pé ọmọdé wà lára ará ìlú. Nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ náà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 95, tó jẹ́ gíga ọmọ ọdún mẹ́ta tí ara rẹ̀ le. Kò sí ohun tó ní kí òbí má lo ọgbọ́n kan náà. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 95 sára ògiri, ẹ fi bíró sàmì sí i, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú yín yóò fi lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí àmì náà, nítorí ojú kò kúkú sí lórí àtàrí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóònù dání ní gíga yẹn, kí ẹ fi ya fídíò ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tàbí sí ibùdókọ̀, kí ẹ sì jókòó wò ó lálẹ́ nígbà tí ọmọ bá ti sùn.

Ẹ óò rí i pé imú ọkọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ga ju orí ọmọ lọ, tó fi jẹ́ pé ọmọ kò rí awakọ̀ tó ń bọ̀, awakọ̀ náà kò sì rí ọmọ. Ẹ óò rí irin tó yọ ṣóńṣó lára ọgbà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, èyí tí àgbàlagbà kò kà sí nítorí pé itan ló dọ́gba pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú ọmọ gan-an ló kọjú sí. Ẹ óò rí gọ́tà tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí dá padà. Ẹ pín ohun tí ẹ bá rí sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹ lè fọwọ́ ara yín tún ṣe lónìí, èyí tó di ọwọ́ onílé tàbí agbaṣẹ́ṣe, àti èyí tó jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ìlú nìkan ló lágbára rẹ̀. Fún àwọn méjì tó gbẹ̀yìn, lẹ́tà ni kí ẹ kọ, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ fi àwòrán, déètì àti ìwọ̀n sí i, nítorí ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti gbé lẹ́tà tó sọ pé kòtò tó jìn tó mítà kan ààbọ̀ wà ní ìṣísẹ̀ ogún sí ẹnu ọ̀nà jẹ́lé-ó-sinmi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó sọ pé ọ̀nà wa kò dára, wọn kò ní kà á tán. Ẹ tún fídíò náà yà lóṣooṣù, àti ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wọ́n da yanrìn tàbí òkúta sẹ́bàá ọ̀nà, torí àmì pé iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Ẹ má fojú kéré eruku ilé àtijọ́

Nínú gbogbo ewu tó wà nínú ìlú tó ń yí padà, èyí ló máa ń bọ́ mọ́ òbí lójú jù, nítorí kì í pariwo, kì í sì í rùn. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé láyé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, ìyẹn irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé. Àwọn orílẹ̀-èdè sì wà títí di àsìkò yìí tí wọn kò tíì ṣe òfin kankan lórí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀dà náà bá lẹ̀ mọ́ ògiri láìbó, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń ha á, tàbí tí wọ́n ń wó ògiri náà lulẹ̀, ló ń di eruku tó ń wọlé olúkúlùkù. Òjé tún wà nínú ilẹ̀ ẹ̀bá títì àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ epo bẹntiróòlù. Ọdún 2021 ni Àlgéríà, orílẹ̀-èdè tó ṣẹ́kù gbẹ̀yìn, tó ṣíwọ́ títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ilẹ̀, òjé tó sì ti wọlẹ̀ kì í jẹrà.

Ọmọ kékeré ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ó ń rákò nílẹ̀, ó ń fọwọ́ sẹ́nu, ara rẹ̀ sì lè fa ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà ń fà nínú ìwọ̀n òjé kan náà tí wọ́n jọ gbé mì, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ. Àjọ náà tún sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ tó ń dàgbà lọ́wọ́ ni ó ń bà jẹ́, ọmọ náà sì lè máa ṣeré, kó máa jẹun dáadáa, kí àmì kankan má hàn lára rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ ha ọ̀dà nínú ilé yín tó ti pẹ́, ẹ kó ọmọdé àti aboyún kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, tí wọn yóò sì ti nu gbogbo ilé. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kó fi omi rin ògiri kó tó ha á, kó má sì fi iná jó ọ̀dà náà kúrò. Bó bá jẹ́ ilé òdìkejì ni wọ́n ń wó, ẹ ti fèrèsé tó kọjú síbẹ̀ ní wákàtí tí iṣẹ́ ń lọ, kí ẹ sì máa sá aṣọ ọmọ sínú ilé. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀ lásìkò yìí, nítorí ńṣe ni yóò gbé eruku dìde sí imú ẹni tó ń rákò; àkísà tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀ àti etí fèrèsé, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ sì da omi náà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe sí àgbàlá. Kí bàtà má kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun àti kó tó sùn, kí ẹ sì máa fọ ohun ìṣeré tó ń kì bọ ẹnu. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó gbé ọmọ, bó ti wù kí ọmọ náà na ọwọ́ sí i tó. Ibi tí ilẹ̀ bá hàn lásán nínú àgbàlá, ẹ gbin koríko síbẹ̀. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì ti wáyé nítòsí yín rí, ẹ bèèrè nílé ìwòsàn pé kí wọ́n yẹ ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, torí ojú lásán kò lè sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Afẹ́fẹ́, ariwo àti oorun

Ọmọdé ń mí léraléra ju àgbàlagbà lọ, imú rẹ̀ sì sún mọ́ ibi tí èéfín ti ń jáde nídìí ọkọ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n eruku kíkúná tí wọ́n ń pè ní PM2.5 tó yẹ kó wà nínú afẹ́fẹ́ ní ìpíndọ́gba ọdún kù láti máíkrógíráàmù 10 sí 5 nínú mítà kúbíìkì kan, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ni kò sì tíì súnmọ́ ọn. Apá òbí kò ká afẹ́fẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n ó ká ọ̀nà tí ẹsẹ̀ òun àti ọmọ rẹ̀ ń tọ̀. Èéfín ọkọ̀ máa ń dín kù gan-an bí a bá ti kúrò létí títì ńlá, nítorí náà, ẹ gba òpópónà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ jìn sí i. Ní ibùdókọ̀, ẹ fà sẹ́yìn kúrò létí títì. Bí ooru bá mú, ẹ má ṣe da aṣọ bo kẹ̀kẹ́ ọmọ nítorí oòrùn tàbí eruku: ooru inú rẹ̀ á ga ju ti ìta lọ, ẹ kò sì ní rí ojú ọmọ mọ́.

Ní ti ariwo, oorun ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí 11 sí 14 lóòjọ́, tí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sì nílò 10 sí 13, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìkọ́lé bá ń jí ọmọ yín lówùúrọ̀, ẹ gbé ibùsùn rẹ̀ sí yàrá tí kò kọjú sí títì, tàbí kí ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ ti ògiri tó kọjú síbẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ògiri kó má baà wó lu ọmọ. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ jẹ́ kó máa tètè sùn lálẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè mú kí agbaṣẹ́ṣe pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítorí yín.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Títì àti ọkọ̀

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò lè fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bó ti wù kó gbọ́n tó. Kì í ṣe àìgbọràn. Òye náà ni kò tíì gbó. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ ní ìlànà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹni tó ń mú un jáde yóò máa lò, bíi "Dúró, wò, tẹ́tí," kí ẹ máa sọ ọ́ sókè ní etí títì ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí ọkọ̀ kankan kò bọ̀. Ọmọ ni kó wà lápá ibi tí ògiri wà, àgbà ni kó wà lápá ibi tí ọkọ̀ wà. Ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe àpò tàbí aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà yín lójijì ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ẹ má ṣe mú ọmọ gba ọ̀nà àbùjá tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì gbà rí. Ẹ kọ́kọ́ dá a rìn, kí ẹ wo ibi tí ọkọ̀ akóyanrìn ti ń yí padà. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń fẹ̀yìn rìn kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nílẹ̀, ariwo tí ọkọ̀ náà ń ké kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan létí ọmọdé, àyàfi pé ó lè dùn mọ́ ọn, kó sì súnmọ́ ọn. Bí àdúgbò bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìjọba lórí títì tuntun, ẹ bèèrè kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ìwọ̀n eré yẹn ni ìkéde lórí ààbò ojú pópó tí wọ́n ṣe ní Stockholm, olú-ìlú Sweden, ní oṣù Kejì ọdún 2020 gbà níyànjú fún ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ ti ń pàdé. Nínú ọkọ̀ tiyín, kí ọmọ jókòó sórí ìjókòó tirẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn, títí yóò fi wúwo tàbí ga ju ohun tí wọ́n kọ sára ìjókòó náà lọ. Orí itan kì í ṣe ìjókòó.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè àti omi

Ìdílé tó kó kúrò ní ilé ilẹ̀ lọ sí ilé alájà gbọ́dọ̀ ṣe èyí kí wọ́n tó tú ẹrù. Àlàfo tó bá wà láàárín irin fèrèsé tàbí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá ọmọ dúró. Ẹ̀fọn nìkan ló ń dá dúró. Ẹ gbé ibùsùn, àga àti àpótí jìnnà sí fèrèsé, torí àtẹ̀gùn ni gbogbo wọn lójú ọmọ ọdún méjì. Ní ìlú New York, láti ọdún 1976 ni òfin ti ní kí onílé fi irin ààbò sí fèrèsé ilé alájà tí ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ń gbé, ẹ sì lè mẹ́nu ba èyí bí onílé yín bá ní àṣejù ni ohun tí ẹ ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé àgbàlagbà lè ṣí irin náà láti inú bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ní ti omi, ìwọ̀nba tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré. Ẹ da omi inú korobá nù lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì lọ wo gbogbo ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n gbẹ́ láyìíká lẹ́yìn òjò ńlá.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Ẹ wá ibi ìṣeré fún un

Lẹ́yìn gbogbo ìkìlọ̀ yìí, òbí lè rò pé kí òun kúkú ti ọmọ mọ́lé ni ó dára jù. Kò dára. Ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí mẹ́rin nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lóòjọ́ tí yóò fi máa rìn, sáré, gùn, tàbí fò, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ọdún 2019 tí mo mẹ́nu bà lókè. Ìlànà náà sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má jókòó ti tẹlifísàn tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ. Eré ṣíṣe kì í ṣe ojúrere tí a ń ṣe fún ọmọdé: abala 31 nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1989 kà á mọ́ ẹ̀tọ́ wọn.

Ìlú tó ń yí padà kì í sábà ní ọgbà ìṣeré tó tó, ṣùgbọ́n ó máa ń ní ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ilé. Láàárín ọdún 1947 sí 1978, ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Aldo van Eyck ṣètò ibi ìṣeré tó lé ní 700 ní ìlú Amsterdam, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kó síbẹ̀ kò pọ̀: kòtò yanrìn, irin tí a tẹ̀ fún gígùn, òkúta tí ọmọ lè máa fò lé. Bí ẹ bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ fún oṣù mẹ́fà péré, kí àgbàlagbà bíi mélòó kan rìn ín já láti ṣa ìgò, ìṣó àti wáyà, kí ẹ sì di gbogbo ihò tó lè gba omi dúró. Bí ẹ bá da yanrìn sí i, ẹ máa bò ó lálẹ́ nítorí ìgbẹ́ ológbò. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ gun ohun tí agbára rẹ̀ lè gbé e gùn láìsí pé ẹ tì í lẹ́yìn. Ibi tó bá fúnra rẹ̀ gùn dé, ó sábà máa ń mọ bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Keje: Ojú tó ń bá yín ṣọ́ ọ

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, ṣùgbọ́n nínú ìlú tó ń yí padà, igba ojú yẹn ń ṣí kiri. Ẹni tó mọ ọmọ yín lónìí lè kó lọ lọ́la, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í fura títí di ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ẹ ní àgbàlagbà mẹ́ta tó ń gbé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí yín, tí ọmọ mọ̀, tí wọ́n sì ti gbà pé àwọn lè gbà á ní jẹ́lé-ó-sinmi bí ẹ bá há sójú ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún olùkọ́, kí ẹ sì yẹ àkọsílẹ̀ náà wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń mú ọmọ lọ sí ibi tí èrò pọ̀, ẹ yà á ní àwòrán láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí aṣọ tó wọ̀ hàn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú aṣọ rẹ̀, kì í ṣe síta, ẹ má sì kọ orúkọ ọmọ sára àpò níbi tí àlejò ti lè kà á kó fi pè é. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹ kọ́ ọ pé bí kò bá rí yín mọ́, kó dúró síbi tó wà, kó sì pariwo orúkọ yín gan-an. Bó bá ń pe "Màámi" láàárín èrò, gbogbo obìnrin tó bímọ níbẹ̀ ni yóò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀ ni obìnrin tó mú ọmọ dání tàbí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Kẹjọ: Bó bá di dandan láti kó lọ

Ilé tí wọ́n fẹ́ wó tàbí owó ilé tó lọ sókè lè mú kí ẹ kó lọ láìròtẹ́lẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ sọ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, torí kò tíì mọ bí oṣù kan ṣe gùn tó. Èyí tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ wo ilé tuntun náà kí ẹ tó kó. Ẹ má ṣe pa ìyípadà mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: jíjá ọmú, jíjẹ́ kó dá sùn, àti jẹ́lé-ó-sinmi tuntun lè dúró de ara wọn. Ibùsùn rẹ̀ ni kí ẹ dì kẹ́yìn, òun náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ìlànà alẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yí padà, ìbáà jẹ́ ìwẹ̀, ìtàn, orin, kí iná tó kú. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọ́dọ̀ wọ inú páálí pẹ̀lú ẹrù. Àpò ọwọ́ ni kó wà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, torí abẹ́rẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí a ń kó ẹrù ni èyí tí a máa ń gbàgbé.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́, ó sì lè má fẹ́ fi yín sílẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Ó sábà máa ń tán fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ilé bá ti fara rọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pàdánù ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ sọ tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe di ẹ̀bi náà ru kíkó ilé. Ẹ mú un lọ rí dókítà láìdúró de ìgbà kankan.